Fọ́tò dúdú-funfun mi ń yọ àwọ̀ ewé nínú oòrùn: ṣé íńkì ni kí n pààrọ̀?

Ìbéèrè, láti Kubwa, Àbújá

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, mo kí yín o. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Epson L805 tó ń lo íńkì dye mẹ́fà (íńkì tí àwọ̀ rẹ̀ yòrò sínú omi) ni mo fi ń tẹ fọ́tò ní ṣọ́ọ̀bù mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan gbé fọ́tò bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé wá, pé kí n bá òun tẹ̀ ẹ́ ní dúdú-funfun. Lábẹ́ iná LED ṣọ́ọ̀bù, ó wù wá wò, ṣùgbọ́n bí a ṣe gbé e bọ́ sínú oòrùn, gbogbo ìṣẹ́po agbádá funfun bàbá náà yọ àwọ̀ ewé, àfi bí ẹni pé omi ewé ta sí i. Ojú tì mí gan-an, nítorí fọ́tò ìrántí ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti tún un tẹ̀.

Ìdáhùn, láti Kàdúná

Ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Dúdú kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀rọ yẹn, nítorí náà, lórí bébà fọ́tò, cyan (búlúù tó fà sí ewé), májẹ́ńtà (pupa tó fà sí àlùkò) àti yẹ́lò ni ó sábà máa ń pò pọ̀ kí ó tó rí àwọ̀ eérú. Eérú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dúró sójú kan, torí pé ìmọ́lẹ̀ LED yàtọ̀ sí ti oòrùn, ohun tí ọ̀kan bò mọ́lẹ̀ ni èkejì ń tú síta. Ẹ̀rọ Epson bíi SC-P700 ní íńkì pigment mẹ́wàá (íńkì tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ lẹ́búlẹ́bú tí kì í yòrò), tí dúdú méjì àti eérú méjì wà nínú wọn, ìyẹn ló jẹ́ kí ó lè gbára lé dúdú gan-an. Íńkì pigment kì í sì í tètè ṣá bíi ti dye. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ìdáhùn, láti Kánò

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n wa sọ, àmọ́ ẹ má tíì ra ẹ̀rọ kankan. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ihò tí íńkì ń gbà jáde wò, nítorí pé nínú ọyẹ́ yìí íńkì máa ń gbẹ mọ́ ọn, bí májẹ́ńtà kò bá sì jáde tó, àwọ̀ ewé ni yóò borí. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ìlà eérú 21 láti funfun dé dúdú, ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì, kí ẹ tó gbé e síta. Bí ewé bá ṣì hàn, ẹ fi májẹ́ńtà kún un díẹ̀díẹ̀ nínú ètò àwọ̀ ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì tún un tẹ̀. Kò sí bí ẹ ó ṣe ṣe é tí yóò tẹ́ ìmọ́lẹ̀ méjèèjì lọ́rùn, ẹ béèrè ibi tí wọn yóò gbé fọ́tò náà kọ́.

Ìdáhùn, láti Jọ́ọ̀sì

Ní tèmi, mo máa ń jẹ́ kí fọ́tò àgbàlagbà fà díẹ̀ sí àwọ̀ pákó. Ó bá ojú wọn mu, ewé kì í sì í tètè hàn nínú rẹ̀.

Ẹni tó béèrè

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí mo tẹ bébà àyẹ̀wò ihò íńkì, ìlà májẹ́ńtà já níbi méjì. Mo fọ ihò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo sì fi 3 kún májẹ́ńtà nínú ètò àwọ̀ ẹ̀rọ náà. Ìṣẹ́po agbádá náà ti di eérú nínú oòrùn báyìí, ó kàn pọ́n díẹ̀ lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù ni. Mo pe obìnrin náà, ó ní ara ògiri tó dojú kọ fèrèsé pálọ̀ ni òun yóò gbé e kọ́ sí, nítorí náà ti oòrùn yìí ni mo tẹ̀ fún un.