Ẹ̀rọ ìwọn-ẹ̀tù mi kò dúró lójú kan

Ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ di ọta ìbọn ọdẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo gbé ẹ̀rọ ìwọn-ẹ̀tù lé 42 gíréènì (ìwọ̀n kékeré tí a fi ń wọn ẹ̀tù), àmọ́ láti 41.6 títí dé 42.5 ló ń dà. Ẹ̀tù oníhóró gígùn ni. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń gé hóró nígbà tí mo bá fa ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀. Mo ti nu inú rẹ̀, n kì í jẹ́ kí ẹ̀tù inú rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ìdajì, mo sì ti fi òkúta ìwọ̀n yẹ òṣùwọ̀n wò, kò yẹ̀. N kò tíì dé òpin ẹ̀tù tí ìwé ìlànà dídi ọta là kalẹ̀, ṣùgbọ́n 0.5 tó ń lé yẹn ń bà mí lẹ́rù. Ṣé kí n dín in sí 41, kí n máa fọwọ́ wọ́n ìyókù kún un lórí òṣùwọ̀n fún ọta kọ̀ọ̀kan, àbí kí n lọ sórí ẹ̀tù oníhóró róbótó, kí n sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n tó kéré jù nínú ìwé?