Ẹ gbà wá nímọ̀ràn lórí wíwọn ikùn àwọn ìyá
Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró, inú ọ̀rá ara ni ọ̀pọ̀ ẹ́sítírójìn (họ́mónù obìnrin) ti ń wá, òun ló sì ń bọ́ ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ọmú. Nítorí náà, à ń fi téèpù yí ikùn àwọn ìyá ká, láàárín egungun ìhà tó kẹ́yìn àti egungun ìbàdí, lẹ́yìn tí wọ́n bá mí èémí jáde. Tó bá ti ju sẹ̀ǹtímítà 80 lọ, a ó yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò láàárọ̀, kí wọ́n tó jẹun: 100 sí 125 mg/dL ti ń kìlọ̀ pé àtọ̀gbẹ lè máa bọ̀. Ṣùgbọ́n ìró tí wọ́n ró ní ìlọ́po méjì ń fi kún ìwọ̀n, ojú sì ń tì wọ́n láti tú u láàárín èrò. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?