Ẹni tó ń ṣíwọ́ ara bíbó: ṣé oòrùn ló máa dá dúdú ẹ̀ padà?

Rónkẹ́ Ìbarà: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Obìnrin tó ti ń bóra tipẹ́ ló ní òun ò ṣe mọ́. Ojú pupa, oríkèé ìka dúdú, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Wọ́n wá ní kó máa yá oòrùn lọ́sàn-án kí ara ẹ̀ lè tètè dúdú dọ́gba. Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ ń kàn lọ́wọ́, kí lẹ ti rí?

Kẹ́míìsì Òkè-Ìlẹ̀wọ́: Kó má dán an wò. Ibi tó bó ni oòrùn máa kọ́kọ́ jó, ibi tó ti lábàwọ́n á tún dúdú sí i. Níbo ló ti fẹ́ dọ́gba? Kó kọ́kọ́ ka ẹ̀yìn ìpara ẹ̀. Tó bá jẹ́ hydroquinone, èròjà tó ń bó ara, ó lè jáwọ́ lójọ́ kan náà. NAFDAC ò fàyè gba ju ìdá 2 nínú 100 lọ, àmọ́ èyí tí wọ́n pò sínú ike tí ò lórúkọ, ta ló wọ̀n ọ́n? Tó bá jẹ́ clobetasol, oògùn awọ ara tó le gan-an (steroid), ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ọ̀sẹ̀ 2 ni òpin ẹ̀ lára, kò sì gbọdọ̀ ju gíráàmù 50 lọ́sẹ̀. Ẹni tó ti fi para látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, tó bá já a sílẹ̀ lójijì, ojú á wú, á máa ta á bí ẹni tí wọ́n fi ata pa, irorẹ́ á bò ó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sá padà sídìí ìpara. Dókítà awọ ara ló ń bá èèyàn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ọmọ Lísàbí: Kó lọ tẹ́ ẹní sórí Olúmọ 😂😂

Ìyá Olóòrí Kútọ̀: Ẹ má dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Òrí ni kó máa fi para. Àwọn ìyá wa fi òrí àti osùn para, wọ́n rìn lóòrùn lọ sóko, kí ló ṣe wọ́n?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Màámi, òrí dáa, kì í jẹ́ kára gbẹ. Àmọ́ kò dí oòrùn tó nǹkan. Dúdú ara àwọn ìyá wa ló gbà wọ́n, òun náà sì ni obìnrin yìí fowó ara ẹ̀ bó kúrò. Sunscreen, ìpara tó ń dí oòrùn, ni kó rà, SPF (ìwọ̀n bó ṣe ń dí oòrùn tó) 30 sókè, tí wọ́n kọ “broad spectrum” sí lára, ìyẹn ni pé ó ń dí oríṣi ìtànṣán oòrùn méjèèjì tó ń ba awọ jẹ́. Ìwọ̀n ló máa ń bà á jẹ́: wọ́n á tọ́ èyí tó tó ẹyọ ẹ̀pà kan, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́. Fún ojú àti ọrùn, ẹ fà á gùn lórí ìka méjì, láti ìdí ìka dé orí ẹ̀. Ẹ pa á ní ìṣẹ́jú 15 sí 30 kẹ́ ẹ tó jáde, kẹ́ ẹ sì tún un pa ní wákàtí méjì-méjì tàbí tí òógùn bá fọ̀ ọ́. Ẹ má pò ó mọ́ ìpara míì, agbára ẹ̀ á dín.

Rónkẹ́ Ìbarà: Èyí tó ń sọ ojú di funfun ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Zinc oxide, èròjà funfun tó ń dí oòrùn, ló fà á. Ẹ wá “tinted”, èyí tó láwọ̀, tó ní iron oxide nínú. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí náà máa ń mú àbàwọ́n dúdú sí i, iron oxide ló ń dí ìyẹn.

Bọ̀dá Lafẹnwá: Sunscreen fún èèyàn dúdú? Àwọn àfín nìkan ló wà fún.

Tọ́lá Adátán: Èyí táwọn òyìnbó fi ń kun ara di búráwùn láìyá oòrùn ńkọ́?

Kẹ́míìsì Òkè-Ìlẹ̀wọ́: Dihydroxyacetone nìyẹn. Òkú awọ tó wà lókè ló ń pa láró, á ṣí kúrò láàárín bí ọjọ́ 5 sí 7. Orúnkún, ìgúnpá àti oríkèé ìka ló máa ń mu ún jù torí awọ ibẹ̀ nípọn, ibẹ̀ ló sì ti dúdú tẹ́lẹ̀ lára obìnrin yìí. Kì í dí oòrùn. Àmọ́ ó sàn ju bẹ́ẹ̀dì oníná tí wọ́n ń sùn sí lókè òkun kí ara lè di búráwùn lọ: láti 2009 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà á mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ.

Ọmọ Lísàbí: Bóra tán, tún pa á láró. Àwọn aládìrẹ Ìtòkú á gbà á síṣẹ́!

Ìyá Olóòrí Kútọ̀: Ọṣẹ dúdú àti ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń fọ àbàwọ́n, ẹ jẹ́ á sọ òótọ́.

Kẹ́míìsì Òkè-Ìlẹ̀wọ́: Háà, màámi! Omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti oòrùn ò gbọdọ̀ pàdé lára. Ara á lé ròrò, ojú ibi tó ṣàn gbà á sì dúdú fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Awọ tí clobetasol ti sọ di fẹ́lẹ́, eérú inú ọṣẹ dúdú á máa jẹ ẹ́.

Ìyá Olóòrí Kútọ̀: Mo gbà fún yín lórí ọsàn. Ẹ fi ọṣẹ dúdú sílẹ̀.

Rónkẹ́ Ìbarà: Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ti ń dúdú bí ẹní fẹ́ di búlúù o.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ìyẹn kọjá àbàwọ́n lásán. Hydroquinone tó pẹ́ lára ló ń fà á, oòrùn ló sì ń bù sí i. Kó lọ sí FMC Ìdí-Àbà, kí wọ́n júwe dókítà awọ ara fún un, kó sì mú ike ìpara náà dání. Tí ike ò bá lórúkọ, kó ní kí wọ́n yẹ kíndìnrín òun wò, torí wọ́n máa ń pò mákúrì mọ́ irú ẹ̀, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́.

Bọ̀dá Lafẹnwá: Èló wá ni sunscreen tẹ́ ẹ ń sọ yìí?

Kẹ́míìsì Òkè-Ìlẹ̀wọ́: Ẹ wo déètì ẹ̀ kẹ́ ẹ tó bèèrè owó. Èyí tó wà lórí àtẹ nínú oòrùn, ẹ má rà á, ooru ti bà á jẹ́.

Ọmọ Lísàbí: Bọ̀dá, ṣebí ti àwọn àfín nìkan ni 😂