Fáírọ́ọ̀sì wọ kọ̀ǹpútà ilé: ẹ wá sọ tiyín

ỌmọBódìjà
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kọ̀ǹpútà tí bàbá mi fi ń ka ìròyìn nílé ti ya wèrè. Bí wọ́n bá ti ṣí Chrome báyìí, nǹkan kan á máa yọ ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, á ní fáírọ́ọ̀sì ti kún orí ẹ̀rọ yín, ẹ tẹ ibí kíákíá. Bàbá sì ń tẹ̀ ẹ́! Ta ni irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí, kí lẹ sì ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n fọ́ọ̀mátì ẹ̀, àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn látọjọ́ tó ti pẹ́ ló wà níbẹ̀.

Ẹ́njíníàMọ́kọ́lá
Fọ́ọ̀mátì ẹ̀.

ỌmọBódìjà
Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ ọ́ ṣá.

Àdùkẹ́Challenge
Má dá ẹ̀gbọ́n lóhùn. Ìyẹn kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì rárá. Bàbá ti tẹ "Allow" lórí ìkànnì kan, ìkànnì yẹn ló wá ń ránṣẹ́ sí wọn tọ̀sán-tòru. Ṣí Chrome, lọ sí Settings, Privacy and security, Site settings, Notifications. Orúkọ yòówù tí o kò bá dá mọ̀ níbẹ̀, yọ ọ́ dànù. Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ pariwo títí lọ́jọ́ kan pé àwọn ọmọ Yahoo ti wọ kọ̀ǹpútà òun. Ìgbà tí mo ṣí ibẹ̀ yẹn, ìkànnì tẹ́tẹ́ ló tò lọ rẹrẹ. A ò bi wọ́n léèrè, wọn ò sì ṣàlàyé.

Àmọ́ tí Bàbá bá ti gba nǹkan sórí ẹ̀rọ látinú ohun tó ń yọ yẹn, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn. Wọ inú Windows Security, wá ibi tí wọ́n kọ offline scan sí. Ẹ̀rọ á kú, á tún tan fúnra ẹ̀, á sì yẹ ara ẹ̀ wò kí Windows tó jí, kí èyí tó bá fara pamọ́ má baà ríbi sá sí. Bí ìṣẹ́jú 15 ló ń gbà.

ÀgbàBẹẹrẹ
Ìṣẹ́jú 15 lórí iná wo?

Ìyá_Ìbejì_Àpáta
Ní tiwa, òróró àdúrà ni ìyá ọkọ mi ta sí laptop.

ÀgbàBẹẹrẹ
Ṣé fáírọ́ọ̀sì lọ?

Ìyá_Ìbejì_Àpáta
Keyboard ló lọ.

Bọ̀dáFótò
Ẹ̀yin ń sọ nǹkan tó ń yọ ní igun. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fi rí màbo. Ẹ ti mọ̀ mí, fọ́tò ni mò ń yà, lápá Ring Road. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi lọ wá kíráàkì sọ́fítíwíà tí a fi ń ṣe fídíò, torí owó oṣooṣù ẹ̀ ti kọjá agbára. Ó gbé e sórí ẹ̀rọ, ojú kan bá yọ, ó ní Windows ń ṣe update, kí a ní sùúrù. Ta ló ń bá update jà? A bá lọ jẹun.

Ìgbà tí a dé, IMG_0412.JPG tí mo fi sílẹ̀ ti hu ìrù: lẹ́tà mẹ́rin kan lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn tí n kò rírú ẹ̀ rí. Mo tẹ̀ ẹ́, kò ṣí. Mo tẹ èyí tó tẹ̀ lé e, kò ṣí. Ìgbéyàwó Sátidé, ìkómọ, òkú àgbà kan ní Òkè-Àdó, gbogbo wọn ló hu ìrù. Nínú fódà kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi lẹ́tà kan síbẹ̀, _readme.txt: ẹ san $980, tí ẹ bá kàn sí wa kí wákàtí 72 tó pé, ẹ san $490. Wọ́n tún ní kí n fi fáìlì kan ránṣẹ́, pé àwọn á bá mi ṣí i lọ́fẹ̀ẹ́ kí n lè fọkàn tán àwọn. Olè tó ń tọ́ni wò! Mo ní kí n wá ìrànlọ́wọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí ìkànnì antivirus kan tó wọlé, bẹ́ẹ̀ Facebook ń wọlé geere.

Ìyá_Ìbejì_Àpáta
Yéè! Ìyá ìyàwó ńkọ́?

Bọ̀dáFótò
Mà á débẹ̀. Ó pè mí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, "Bọ̀dá Fótò, áábọ́ọ̀mù wa dà?" Mo ní NEPA ni.

ÀgbàBẹẹrẹ
😂😂 Gbogbo ìgbà ni NEPA ń gba èyí tí kò jẹ.

Ẹ́njíníàMọ́kọ́lá
STOP/Djvu nìyẹn, fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì èèyàn pa kí olè lè gbowó. Inú kíráàkì ló máa ń gbà wọlé, update tí ẹ rí yẹn sì jẹ́ ayédèrú, ó fi ń dá yín dúró ni kí ó lè ráyè ti fáìlì yín pa. Ti ìkànnì tí kò wọlé, ó ti ń kọ nǹkan sínú fáìlì kan tó ń jẹ́ hosts, ní C:\Windows\System32\drivers\etc. Orúkọ àwọn tó lè gbà yín ló máa ń tò síbẹ̀ kí ẹ má lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ fi Notepad ṣí i gẹ́gẹ́ bí administrator, kí ẹ pa ohun tó kọ rẹ́.

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè kan: nọ́ńbà gígùn tó wà nísàlẹ̀ _readme yẹn, ṣé t1 ló fi parí?

Ọ̀jọ̀gbọ́nKékeré
Ṣé $490 yẹn, ẹ san án? Ẹ sọ òtítọ́ o.

Bọ̀dáFótò
Ta ló ní $490? Àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní àdúgbò ní kí n mú ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin wá, àwọn á bá mi ṣí i. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ẹyọ kan ṣoṣo. Wọ́n ní àfi tí owó bá ti wọlé. Mo gbé ẹ̀rọ mi.

T1 kọ́ ló fi parí.

Ẹ́njíníàMọ́kọ́lá
Áà. Tó bá jẹ́ t1 ni, kọ́kọ́rọ́ kan náà ni wọ́n fi ti gbogbo ẹni tí fáírọ́ọ̀sì náà bá nígbà tí kò rí sáfà ẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà àwọn olè náà, bá sọ̀rọ̀, irú èyí lè ṣí lọ́fẹ̀ẹ́. Emsisoft, ilé iṣẹ́ antivirus kan, ṣe irinṣẹ́ fún un lọ́dún 2019. Ìkànnì No More Ransom náà wà, àwọn ọlọ́pàá Netherlands àti Europol, àjọ ọlọ́pàá ilẹ̀ Yúróòpù, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ lọ́dún 2016, ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò fún kọ́sítọ́mà. Èyí tí kò bá parí sí t1, tirẹ nìkan ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀, ọwọ́ olè ló sì wà.

Àdùkẹ́Challenge
Báwo wá ni ìyá ìyàwó ṣe rí áábọ́ọ̀mù gbà?

Bọ̀dáFótò
Memory card! Mo ti pa fọ́tò orí ẹ̀ rẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ohun tí a pa rẹ́ kì í tètè lọ tán. Mo ki í bọ ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, mo fi PhotoRec, sọ́fítíwíà tó ń wá fáìlì tí a ti pa rẹ́, fà á, fọ́tò ń bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láìlórúkọ, nọ́ńbà lásán. Kìkì pé mo ti fi káàdì yẹn ya òkú kan lẹ́yìn ìgbéyàwó náà. Ẹ rí i, ìyàwó ń gé àkàrà òyìnbó, pósí tẹ̀ lé e, ìyàwó ń jó wọlé, wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi ló jókòó ṣà á. Ibi tí òkú ti gorí ìgbéyàwó, ìyẹn lọ pátápátá.

Fídíò tó tóbi tún ṣeé wò díẹ̀, torí ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì nìkan ni ó máa ń tì, nǹkan bí 150KB. Ìyókù wà bó ṣe wà, ẹnì kan bá mi tún orí ẹ̀ ṣe.

ÀgbàBẹẹrẹ
Èmi ò gba èyí gbọ́. Fáírọ́ọ̀sì á wá ṣe ìlàjì iṣẹ́?

Ẹ́njíníàMọ́kọ́lá
Òótọ́ ni wọ́n sọ. Kíá ló fẹ́ ṣe é tán kí onílé tó dé.

Àdùkẹ́Challenge
Bọ̀dá, páswọ́ọ̀dù ńkọ́? Djvu kì í dá wá. Ó máa ń kó ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan dání tó ń jí páswọ́ọ̀dù tó wà nínú bíráwúsà. Ṣé ẹ ti pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ látorí ẹ̀rọ MÌÍRÀN?

Bọ̀dáFótò
Instagram mi ti lọ kí n tó mọ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́nKékeré
Ẹ dúró ná. Ẹ̀yin ni "ẹ fi 50k wá gba 500k láàrin wákàtí kan"?? Ẹ fi ránṣẹ́ sí èmi náà!

Bọ̀dáFótò
Èmi kọ́, fáírọ́ọ̀sì ni. Àbúrò pásítọ̀ wa sì ti fi owó ránṣẹ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́nKékeré
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Tèmi ò tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mò ń kọ project ní UI, mo lọ tẹ̀wé ní Agbowó. Ìgbà tí mo padà délé, gbogbo fódà inú fláàṣì ti di shortcut, àmì lásán tó ń tọ́ka síbòmíràn. Chapter Two tí súpáfáísọ̀ mi ti kọ àlàyé sí wà lára wọn. Mo ti fẹ́ sunkún tán kí alájọgbé mi tó ṣí Command Prompt, ó kọ eléyìí, fláàṣì mi ni E:

attrib -h -r -s /s /d E:\*.*

Gbogbo ẹ̀ yọ padà. Kò lọ síbì kankan, ó kàn fi í pamọ́ ni.

Ẹ́njíníàMọ́kọ́lá
Ẹ̀rọ yín lẹ kọ́kọ́ fọ̀ àbí fláàṣì? Torí tí wscript.exe, tí fáírọ́ọ̀sì yìí máa ń gùn ṣiṣẹ́, bá ṣì wà nínú Task Manager, bí ẹ ṣe ń fọ fláàṣì ni ẹ̀rọ ń kó o padà sí i. Ẹ pa á níbẹ̀, ẹ yọ orúkọ ẹ̀ kúrò ní Startup, kí ẹ tó fọwọ́ kan fláàṣì. Kí ẹ sì pa àwọn shortcut yẹn rẹ́, ẹ má tẹ ìkankan.

AlágbowóBusinessCentre
Ẹ fi Agbowó sílẹ̀ o! Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lẹ máa ń gbé fláàṣì tó ti sùn sí gbogbo họ́ọ̀lù wá, ẹ wá dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ ní àwa la kó o ràn yín. Ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, orí kọ̀ǹpútà kan tó ń lo Linux Mint dípò Windows ni fláàṣì kọ́kọ́ ń dé. Shortcut Windows ò lè ṣe nǹkan kan níbẹ̀, mo máa ń rí i kedere bó ṣe tò, màá pa á rẹ́, n óò sì tẹ̀wé yín.

Ọ̀jọ̀gbọ́nKékeré
Ẹ̀gbọ́n, ṣọ́ọ̀bù yín kọ́ ni mo sọ.

AlágbowóBusinessCentre
Agbowó lẹ pè. Agbowó dáhùn.

ÀgbàBẹẹrẹ
Àwọn oní-Linux ti dé, ọ̀rọ̀ ò ní tán mọ́.

ỌmọBódìjà
Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ ṣeun. Mo ti yọ àwọn Notifications yẹn, ó ti dákẹ́. Ẹ́njíníà, kí ló dé tí ẹ̀yin kọ́kọ́ ní kí n fọ́ọ̀mátì?

Ẹ́njíníàMọ́kọ́lá
Torí ohun tí ojú mi ń rí. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ laptop tí wọ́n ń gbé wá. Ẹni tó tà á ti fi nǹkan ṣí Windows ẹ̀ láìsanwó, ó sì ti pa Defender, ẹ̀ṣọ́ inú Windows, kí ó má baà ké mọ́ nǹkan ọ̀hún. Láti ọjọ́ tí ẹ ti rà á ni ilẹ̀kùn ti wà ní ṣíṣí. Màá yọ fáírọ́ọ̀sì kan, òmíràn á wọlé, kọ́sítọ́mà á wá máa sọ kiri Mọ́kọ́lá pé èmi ni mo fi í síbẹ̀ kí n lè tún gbowó. Irú Sality náà wà, inú gbogbo .exe ló máa ń ki ara ẹ̀ bọ̀. Èwo lèèyàn fẹ́ yọ èwo fẹ́ fi? Mo kó fáìlì wọn sí hard disk mi, mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo fọ́ọ̀mátì, mo dá a padà. Owó kan ni.

Ìṣòro tó tún wà báyìí: láti 14 October 2025, Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ tó wà fún gbogbo ayé dúró lórí Windows 10, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ àtijọ́ ò lè gba Windows 11. Wọ́n ní àfi kó ní TPM 2.0, ẹ̀yà ààbò kan nínú ẹ̀rọ.

ÀgbàBẹẹrẹ
Owó kan ni, iná ńkọ́? Fọ́ọ̀mátì yín yìí náà ni wọ́n ṣe fún mi, ó dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, wọ́n mú iná lọ, ẹ̀rọ ò tan mọ́ dòní.

Ẹ́njíníàMọ́kọ́lá
Bátìrì yín ló kú, ẹ má di ẹ̀bi ru iná.

ÀgbàBẹẹrẹ
Bátìrì tí owó ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti laptop, ta ló ń rà á?

Àdùkẹ́Challenge
Ẹ máa gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ínfátà. Inú ṣọ́ọ̀ṣì wa ni èmi ti ṣe tèmi, nígbà ìpàdé ẹgbẹ́ akọrin.

Ìyá_Ìbejì_Àpáta
Ẹ dákun, ta ló mọ ibi tí mo ti lè rí keyboard HP, àti ṣájà ẹ̀ tí kò wọ́n?

AlágbowóBusinessCentre
Ó wà lọ́dọ̀ mi, ìyá. Ẹnu búlúù ni àbí ẹnu ńlá?