Èmi àti màmá mi ní Las Vegas: ibo la lè lọ ká sì padà lọ́jọ́ kan náà?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Èmi àti màmá mi máa lo ọjọ́ mẹ́rin ní Las Vegas lóṣù Kọkànlá. Màmá ò fẹ́ fojú rí ilé tẹ́tẹ́ rárá. Òkè àti àpáta ni wọ́n fẹ́ wò, àmọ́ orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Red Rock Canyon, ibi àpáta pupa kan, ló wà lọ́kàn mi jù. Kò jìnnà sí ìgboro, èèyàn sì lè jókòó sínú mọ́tò yípo ọ̀nà máìlì 13 tó wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ gba àyè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé àárọ̀ kùtù ni kí n mú, àbí ìrọ̀lẹ́ ni àpáta yẹn máa ń pọ́n dáadáa?

Zion, ọgbà olókè ńlá tó wà ní ìpínlẹ̀ Utah, ńkọ́? Nǹkan bíi wákàtí méjì ààbọ̀ ni àlọ nìkan, aago Utah sì tún fi wákàtí kan ṣáájú ti Nevada, ìpínlẹ̀ tí Las Vegas wà. Àbí kí n kúkú mú Valley of Fire, ọgbà àpáta pupa míì, tí kò ju bíi wákàtí kan lọ?

Ẹ dákun, ẹ sọ ibi tí ilé ìtọ̀ wà lójú ọ̀nà. Lọ́dún tó kọjá, ní aṣálẹ̀ Arizona, ẹ̀yìn mọ́tò ni màmá ti ká ìró sókè. Wọn ò tíì dárí jì mí.