"Kòkáárí" ni mo fara mọ́, kì í ṣe "ìṣàn-iṣẹ́"

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé kí a máa pe ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń gbé iṣẹ́ láti ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹlòmíì ní "ìṣàn-iṣẹ́". Ẹlòmíì ní "ìfọwọ́sowọ́pọ̀" ti wà nílẹ̀, kí ni a tún ń wá? Ẹ jọ̀wọ́, n kò lè gba ìkankan nínú méjèèjì.

Omi ló ń ṣàn. Ẹnikẹ́ni kì í bẹ omi kó tó ṣàn; ibi tí ilẹ̀ bá ti rẹlẹ̀ ló ń gbà lọ. Ṣùgbọ́n kí ìwé tó kúrò lórí tábìlì akọ̀wé dé ọ̀dọ̀ akápò, ẹnì kan ti bẹ̀bẹ̀, ẹnì kan ti gbà á, ẹnì kan sì ti béèrè pé "ó ti yá àbí kò tíì yá?" Bí a bá pè é ní ìṣàn, gbogbo àwọn èèyàn yìí ti pòórá nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ dára, àmọ́ inú rere ló ń sọ, kò sọ ètò. Ẹ wo ìsìnkú tí àwọn ọmọ olóògbé wà ní London, Houston àti Ìjẹ̀bú-Òde. Gbogbo wọn lè fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lórí WhatsApp, kí mẹ́ta nínú wọn sì sanwó màlúù, kí ẹnikẹ́ni má rántí kánópì. Ní 1994, Thomas Malone àti Kevin Crowston, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé àbójútó bí iṣẹ́ kan ṣe gbára lé òmíràn ni ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní coordination: tọ̀hún gbọ́dọ̀ parí kí eléyìí tó bẹ̀rẹ̀, tàbí kí èèyàn méjì máa wá ohun èlò kan ṣoṣo. A ti ní orúkọ fún àbójútó yẹn. Lórí rédíò, wọ́n á ní lágbájá ló ṣe kòkáárí ètò náà. Lágbájá lè má gbé àga kan, ṣùgbọ́n òun la ó bi bí àga kò bá tó.

Ẹ tún wo àáró àti ọ̀wẹ̀. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ pe èèyàn sí iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ fún wọn lóúnjẹ. Àáró ní tirẹ̀ ń lọ láti oko ẹnì kan dé oko ẹnìkejì, wọ́n sì ní láti máa rántí ẹni tó kàn àti ẹni tó ṣì jẹ gbèsè iṣẹ́. Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ni méjèèjì; kòkáárí wọn ló yàtọ̀. Kọ̀ǹpútà tó fẹ́ ran aláàáró lọ́wọ́ kò ní ṣiṣẹ́ kan náà pẹ̀lú èyí tó fẹ́ ran ọlọ́wẹ̀ lọ́wọ́.

Àmọ́ o, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká pe ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ní "aṣekòkáárí". Irú orúkọ yẹn gan-an, The Coordinator, ni Fernando Flores àti Terry Winograd fún ètò kọ̀ǹpútà tiwọn ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1980 sí 1989. Flores, tó jẹ́ ọmọ Ṣílè, mọ ohun tó ń sọ. Nígbà tí àwọn ọlọ́kọ̀ akẹ́rù daṣẹ́ sílẹ̀ ní Ṣílè ní oṣù kẹwàá 1972, ó wà lára àwọn tó fi télẹ́ẹ̀sì, ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rọ̀ títẹ̀ ránṣẹ́ láti ìlú dé ìlú, ṣe kòkáárí ọkọ̀ tó kù fún ìjọba Ààrẹ Allende; lẹ́yìn tí ológun gbàjọba ní 1973, wọ́n fi í sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta. Ó gbà pé ìlérí ló ń gbé iṣẹ́ rìn, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ibi tó ti ṣòro ni pé ẹni tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ nínú ètò náà ní láti kọ́kọ́ fi àmì sí i: ṣé ẹ̀bẹ̀ ni, àbí ìlérí? Ní 1994, Lucy Suchman, onímọ̀ tó ń ṣèwádìí nípa bí èèyàn ṣe ń lo ẹ̀rọ lẹ́nu iṣẹ́, ta kò ó pé irú àmì bẹ́ẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn di ohun tí ọ̀gá fi ń ṣọ́ wọn.

Ta ló yẹ kó tètè lóye rẹ̀ ju àwa lọ? Bí ẹ̀gbọ́n mi bá bi mí pé "Ṣé ọwọ́ ẹ dí?", kì í ṣe ìbéèrè rárá. Iṣẹ́ ló fẹ́ rán mi. Bí mo bá sì dáhùn pé "Rárá o, ẹ̀gbọ́n", mo ti ṣèlérí. Àmì wo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wa fẹ́ fi sí i? Bí ẹ̀gbọ́n bá fi "àṣẹ" sí i, ọ̀rọ̀ á le. Bó bá fi "ìbéèrè" sí i, ẹ̀rọ á rò pé mo lè kọ̀. Ohun tí àwa méjèèjì gbọ́ yé wa dáadáa, kò sì sí níbi kankan nínú àwọn àmì yẹn.

Nítorí náà, àbá tèmi nìyí: ká pe iṣẹ́ náà ní kòkáárí, ká pe ètò orí kọ̀ǹpútà ní irinṣẹ́ kòkáárí, kí ó hàn pé èèyàn ló ń lò ó. Fún èyí tí ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá pè ní ìṣàn-iṣẹ́, "ètò ta-ló-kàn" ni mo mú wá. Ọmọdé pàápàá á mọ ohun tó ń ṣe.

Ó ku ìránṣẹ́ kékeré tó ń yọ lójú fóònù pé iṣẹ́ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ. "Ìránnilétí" kò tó, nítorí kì í ṣe pé èèyàn gbàgbé. Ó kàn án ni. Ẹ̀yin ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, báwo ni ẹ ṣe ń sọ fún ẹnìkan lọ́dọ̀ yín pé oko rẹ̀ ni àáró kàn lọ́la?