Clownfish oníjàgídíjàgan: ohun tá a ti fojú rí nínú táǹkì omi iyọ̀

Clownfish jẹ́ ẹja òkun kékeré alárànbarà tí à ń sìn nílé; àwa tá à ń sìn ín la jọ ń sọ̀rọ̀ níbí, ìlà (——) ló ń pín ẹnu wa. Kẹ́nikẹ́ni tó sáré gbé àwọ̀n láti mú èyí tó ń jà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ìjà tó ń lọ. Kò sí clownfish tó bẹ̀rẹ̀ ayé ẹ̀ bí abo. Èyí tó bá di ọ̀gá láàárín wọn ló ń yí padà di abo, tó bá sì ti dà á, kò tún lè padà di akọ mọ́. Abo ló máa ń tóbi jù, akọ ẹ̀ ló tẹ̀ lé e, àwọn yòókù á wà nílẹ̀ láìdàgbà tó bẹ́ẹ̀. Ipò yìí ni wọ́n ń dù.

Bí ocellaris (irú clownfish kan) méjì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ táǹkì, á gbóná fún ọjọ́ mélòó kan. Èyí tó tóbi á máa lé kékeré kiri, á máa fẹnu gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kékeré yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ máa wò. Tó bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, tí gbogbo ara ẹ̀ wá ń gbọ̀n rìrì, ẹ fọkàn balẹ̀, ó ń yíìká fún ọ̀gá ẹ̀ nìyẹn. Ọ̀gá á yíjú kúrò, ó parí. Àmọ́ tí àwọn méjèèjì bá ń di ẹnu ara wọn mú, tí wọ́n ń yí bírí, tí kò sí èyí tó gbọ̀n, àfàìmọ̀ ni kì í ṣe abo méjì lẹ rà. Ẹ yà wọ́n lọ́jọ́ náà. Ìyẹn sábà máa ń parí sí òkú.

——

Òótọ́ ni. Àmì míì tí kì í ṣe eré: lẹbẹ tó ya kọjá ìdajì, ìpẹ́ tó bó débi tí ẹran ti hàn, ẹja tó lọ sá pamọ́ sí igun tí kò jáde wá jẹun fún ọjọ́ méjì. Lẹbẹ tó kàn ya létí á hù padà fúnra ẹ̀ bómi bá mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru ọ̀gá. Clownfish tó dúró lókè omi, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ikun funfun ń bó lára ẹ̀, Brooklynella, kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àrùn sára ẹja, ló sábà máa ń ṣe é. Ọjọ́ díẹ̀ péré ló fi ń pa ẹja. Táǹkì ọ̀tọ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kẹ́ ẹ fi formalin, oògùn olómi tó ń pa kòkòrò, wẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn. Formalin máa ń dín afẹ́fẹ́ inú omi kù, nítorí náà pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo àsìkò yẹn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ṣí fèrèsé.

——

Ọjọ́ tẹ́ ẹ ra ẹja ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ra méjì tí gígùn wọn yàtọ̀ gedegbe, bíi sẹ̀ǹtímítà méje àti mẹ́rin, tàbí kẹ́ ẹ ra ọmọdé méjì tí kò tíì ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ kí wọ́n fúnra wọn pín ipò. Méjì tó dọ́gba tó sì ti dàgbà ni kẹ́ ẹ má ṣe gbà, bó ti wù kí wọ́n dínwó ẹ̀ tó. Lítà 80 tó fún tọkọtaya ocellaris, àwọn ló sì yẹ kó wọlé kẹ́yìn, torí ẹja tó bá ti fi ibì kan ṣe ilé kì í fẹ́ àlejò.

Bí ọ̀kan bá ti wà nílé kí èkejì tó dé, inú àpótí ike oníhò tí ojú ríran wọ̀ ni kí àlejò kọ́kọ́ gbé. Ẹ fi kọ́ sára gíláàsì nínú táǹkì, ó kéré tán ọjọ́ méje, kẹ́ ẹ máa fún onílé àti àlejò lóúnjẹ lásìkò kan náà. Onílé á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú lu ike fọ́ lọ́jọ́ kìíní. Ìgbà tó bá ń kọjá níwájú ẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ tó ṣí i. Ní ọjọ́ yẹn, ẹ gbé àpáta mẹ́ta tàbí mẹ́rin kúrò ní ipò wọn, kí onílé náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé, kẹ́ ẹ wá pa iná táǹkì kẹ́ ẹ tó tú àlejò sílẹ̀.

Ohun méjì ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Àkọ́kọ́, ihò ike tó kéré jù: omi kì í gba ibẹ̀ dáadáa, ẹ̀gbin oúnjẹ á wá fún àlejò pa. Ìkejì, àpótí tẹ́ ẹ gbé kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ anemone (ẹ̀dá òkun tí clownfish ń fi ṣe ilé) tí onílé ń sùn sí. Ìyẹn kì í jẹ́ kí ara ẹ̀ balẹ̀ títí láé.

——

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ ṣáájú, ocellaris lẹ̀ ń sọ o. Maroon, irú clownfish míì, ò sí nínú àdéhùn yẹn. Abo ẹ̀ lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 17, ó sì lè pa akọ tí wọ́n ti jọ ń gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹyọ kan ṣoṣo, nínú lítà 200 ó kéré tán, ni mo máa ń gbà wọ́n níyànjú, láìsí clownfish irú míì níbẹ̀ rárá.

Ẹni tó bá fẹ́ so wọ́n pọ̀ tipátipá, kó fi ike oníhò onígun-mẹ́rin kéékèèké, irú èyí tí wọ́n fi ń bo iná àjà, dá táǹkì sí méjì. Ojú ihò ẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀. Akọ kékeré á máa gbà á kọjá, abo ò ní lè tẹ̀ lé e.

Ẹ má sì fi àwọ̀n mú maroon. Ẹ̀gún wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, á há sínú àwọ̀n, tẹ́ ẹ bá ń fà á yọ, ara ẹ̀ á ya. Abọ́ ike ni kẹ́ ẹ fi bù ú.

——

Tí wọ́n bá yé ẹyin ńkọ́? Akọ ló máa ń fẹ́ ẹyin, abo ló máa ń lé gbogbo ayé. Bí omi bá wà láàárín 26 sí 27 °C, bí ọjọ́ méje sí mẹ́jọ ni wọ́n fi ń pa. Ẹyin tó ti ń dán bíi fàdákà lójú, alẹ́ ọjọ́ náà lọmọ á jáde lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá pa iná. Tó bá di dandan kẹ́ ẹ tọwọ́ bọ igun yẹn, ẹ fi asẹ́ oníke dé abo mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Gígé tó ń géni jẹ ò tó nǹkan, fífà tá a máa ń fọwọ́ fà lójijì tó wá ń bi àpáta ṣubú ni wàhálà.

——

Mímú ọ̀daràn, ìyẹn ẹja tó ń da àwọn yòókù láàmú, jáde: ike omi lítà kan ààbọ̀. Ẹ gé orí ẹ̀, ẹ yí orí náà dojú kọ inú ike kó dà bí àrọ, ẹ gé ọrùn ẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin torí abo tó sanra ò lè gba ẹnu ike kọjá. Ẹ fi ìṣó gbígbóná dá ihò sí i lára, ẹ ki òkúta kan àti edé gígé sínú ẹ̀, ẹ so okùn mọ́ ọn. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ ní ọjọ́ tó ṣáájú.

Ó yá, ọ̀daràn wọlé: inú àpótí oníhò tàbí táǹkì fílítà ní ìsàlẹ̀ ni kó wà fún ọjọ́ márùn-ún sí méje. Àwọn yòókù á ti pín ilẹ̀ kó tó padà, òun náà á wá di àlejò. Tó bá tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó, ẹ má dà á sókun o, kò sí clownfish kankan tó jẹ́ ti òkun Atlantic.

——

Dígí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì kí ẹja oníjà lè gbàgbé àwọn yòókù, mi ò fọwọ́ sí i fún clownfish. Nígbà míì, dígí gan-an ló fa ìjà: bí yàrá bá ṣókùnkùn tí iná táǹkì sì ń tàn, ara gíláàsì á di dígí, ẹja á máa bá òjìji ara ẹ̀ jà títí ètè ẹ̀ á fi bó. Ẹ tan iná yàrá, tàbí kẹ́ ẹ lẹ bébà dúdú mọ́ ẹ̀gbẹ́ yẹn láti ìta. Èyí tó ń jà níbẹ̀ á dẹwọ́ láàárín ọjọ́ kan sí méjì.